"Convenient" àti 方便: báwo lẹ ṣe ń là á yé akẹ́kọ̀ọ́ ará Ṣáínà?

Tíṣà Alẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin akọ́nilédè. Àwọn ará Ṣáínà tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lórí ayélujára ò yé kọ "I'm not convenient tomorrow" àti "Call me when you are convenient". Bí mo bá tún un ṣe lónìí, wọ́n á tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, àlàyé wo ló máa ń wọ̀ wọ́n létí? Kí ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe yìí túmọ̀ sí gan-an, ibo ló sì ti ṣẹ̀ wá? Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ẹ má fi Látìn pa mọ́ fún mi.

Àlàbí Yiwu
Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ Látìn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ti há sórí. Ìwé ọ̀rọ̀ àkọ́sórí tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ máa ń to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sápá òsì, á wá fi ọ̀rọ̀ Ṣáínà kan ṣoṣo dá a lóhùn lápá ọ̀tún: convenient, 方便的. Ó parí. Láti ọjọ́ náà lọ, ibikíbi tí 方便 bá ti lè jókòó sí ní èdè tiwọn ni "convenient" máa ń jókòó sí ní Gẹ̀ẹ́sì wọn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí 方便, tí wọ́n ń pè ní fāngbiàn, ń ṣe pọ̀ ju ti "convenient" lọ fíìfíì.

Ẹ wo 你明天方便吗, nǐ míngtiān fāngbiàn ma. Bí a bá tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ, ọ̀la, fāngbiàn, ṣé. Ẹni tó bá fi ojú Gẹ̀ẹ́sì wò ó á rò pé "ìwọ" ni olùwà tí fāngbiàn ń júwe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Ṣáínà máa ń gbé ohun tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí síwájú, kó tó sọ ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń bi ẹni náà ni pé: ní tìrẹ, tó bá di ọ̀la, ṣé ó máa rọrùn? Ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, "you" tó wà níwájú á di olùwà lójú ẹsẹ̀, "are" á sì so "convenient" mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwa Yorùbá kì í sọ pé "mo rọrùn lọ́la". "Ọ̀la rọ̀ mí lọ́rùn" là ń sọ, ọ̀la sì ni olùwà níbẹ̀, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tí tíṣà Yorùbá kì í fi í tètè rí ibi tí àṣìṣe wọn ti wá: èdè tirẹ̀ ò tì í síbẹ̀ rí.

Ọmọ Látìn
Ẹ jẹ́ n dáhùn apá tèmi. "Convenient" wá láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe Látìn kan, *convenire*. *Com-* ni "papọ̀", *venire* ni "wá". Ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí àwọn èèyàn wá pàdé níbì kan. Látinú ìyẹn ni àwọn ará Róòmù ti mú un lò fún kí ọ̀rọ̀ bára mu, kí nǹkan kan bá òmíràn ṣe wẹ́kú, kó yẹ. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1300 ló wọ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó sì túmọ̀ sí nígbà náà ni "tó yẹ, tó tọ́". Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn rárá.

Ẹni tó bá ní Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 nílé lè rí i fúnra rẹ̀. Róòmù 1:28 ní "to do those things which are not convenient", ohun tí kò tọ́ láti ṣe ló ń wí. Éfésù 5:4 náà lo "not convenient" fún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbin àti àwàdà tí kò yẹ. Òwe 30:8 ní "feed me with food convenient for me", ìyẹn oúnjẹ tó tó mi, tó yẹ mí. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ tó rò pé oúnjẹ tó yá sè ni wọ́n ń wí ti ṣìnà pátápátá. Ìtumọ̀ ti òní, ohun tí kò fúnni ní wàhálà, ti ń yọjú láti ìparí àwọn ọdún 1400. Ìtumọ̀ méjèèjì jọ wà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ti àtijọ́ parẹ́.

Inú Bíbélì kan náà ni àpẹẹrẹ tó dára jù fún kíláàsì wà. Nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 24:25, Félíksì gómìnà tí ẹ̀rù ti bà ní kí Pọ́ọ̀lù ṣì máa lọ ná: "when I have a convenient season, I will call for thee." Ẹ wò ó dáadáa. Gómìnà ò sọ pé "when I am convenient". Àkókò ló jẹ́ convenient, òun ló máa ní àkókò náà.

Báyìí ni mo ṣe máa yà á sójú pátákó. Fa ọfà méjì tó ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n pàdé láàárín. Kọ "Tuesday, 3 pm" sí ìdí ọ̀kan, kọ "our meeting" sí ìdí èkejì. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni "convenient". Lábẹ́ rẹ̀, kọ "for you". Akẹ́kọ̀ọ́ á fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹni náà ò sí lára àwọn tó ń bọ̀ wá pàdé. Ẹni tí ìpàdé náà ṣe láǹfààní ni.

Àlàbí Yiwu
Ọmọ Látìn, o ti bá mi ṣí ọ̀nà. Ẹ fi 合适, héshì, kún un. 合 ni kí nǹkan méjì papọ̀ tàbí kí wọ́n pa dé mọ́ra, 适 ni kó ṣe déédéé. Èyí ló bá *con* àti *venire* dọ́gba, 方便 kọ́. Kọ́ wọn kí wọ́n gbìyànjú 合适 wò kí wọ́n tó kọ "convenient": 星期二合适吗, ṣé ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá a mu, ó jáde dáadáa. 我不合适 ńkọ́? Ohun tó máa túmọ̀ sí ni "mi ò yẹ fún un", bí ẹni tí wọn ò gbà síṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín, á sì rí i pé òun ò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kíláàsì
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá kì í ṣe òfin bí a ṣe ń lò ó lónìí. "Nice" wá láti inú *nescius* ti Látìn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, òpè ló sì kọ́kọ́ túmọ̀ sí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló máa wá fi ìyẹn kọ́ ọmọ bó ṣe máa lò ó? Ẹ lo ìtàn ọ̀rọ̀ kó lè dúró lọ́kàn wọn. Tó bá di ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, gbólóhùn tí àwọn onígẹ̀ẹ́sì ń sọ lẹ máa fi hàn wọ́n.

Àwọn ọmọ Ṣáínà tó gba ilé ẹ̀kọ́ gírámà tiwọn kọjá mọ ìbéèrè yìí dáadáa, ó ti pẹ́ nínú ìwé ìdánwò wọn:

Come and see me whenever ____.
A. you are convenient
B. you will be convenient
C. it is convenient to you
D. it will be convenient to you

C ni ìdáhùn. A àti B ṣubú nítorí olùwà. D ṣubú nítorí pé gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé "when", "whenever", "if" tàbí "as soon as" kì í gba "will" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ iwájú là ń wí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á rántí pé C ni, wọn ò ní lè sọ ìdí. Wọ́n ti mọ ìdáhùn fún ìdánwò, ẹnu wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Torí náà ìlànà lásán kọ́ ni wọ́n nílò, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú ohun tó kàn wọ́n: "Is Friday convenient for you?", "Would six o'clock be convenient?", "Is it convenient for you to talk now?" Ẹ pààrọ̀ ọjọ́, ẹ pààrọ̀ wákàtí, ẹ pààrọ̀ iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí "convenient" dúró láìní nǹkan tó jẹ́ olùwà fún un.

Tíṣà Alẹ́
Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Ìbéèrè méjì kù. Ìdánwò yẹn lo "to you", ẹ̀yin lo "for you", èwo la máa dì mú? Ṣé èèyàn ò wá lè jẹ́ convenient láéláé ni?

Dèjì Peckham
"For you" ni kí wọ́n dì mú. Òun ló wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn onígẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ bá kan èèyàn. Ẹ má fa igi lé "to you" o, kò kúrò nínú èdè, ìdánwò wọn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ti ibi, ọ̀nà méjì ló wà: níbí ní Britain a máa sọ pé ilé kan "is convenient for the station", àwọn ará Amẹ́ríkà á ní "convenient to downtown". Ẹni tó ń wá yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí méjèèjì.

Èèyàn lè jẹ́ convenient, ṣùgbọ́n kò dáa létí. "A convenient scapegoat" ni ẹni tó wà ní tòsí tí wọ́n lè di ẹ̀bi rù. Ìdí nìyẹn tí "I am convenient" fi máa ń ṣe olùgbọ́ bákan. Ohun tó ń gbọ́ ni pé "mo jẹ́ ẹni tó ṣe é lò bó bá ṣe wù yín". Ẹ sọ ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́ àgbàlagbà tó ń kọ lẹ́tà sí oníbàárà, kò ní í kọ ọ́ mọ́.

Ohun mìíràn tí ìwé àkọ́sórí ò sọ ni ti ẹ̀gún tó wà nínú rẹ̀. "How convenient!" lẹ́nu onígẹ̀ẹ́sì kì í sábà jẹ́ ìyìn. Ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sójú ẹ̀ fún ọ jù, mi ò gbà á gbọ́. "He conveniently forgot his wallet" túmọ̀ sí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé. 方便 ò ní ẹ̀gún yìí, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́ sí lè máa dúpẹ́.

Àlàbí Yiwu
Mo to díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí fāngbiàn ń ṣe síbí, pẹ̀lú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì máa fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí "convenient" ṣe máa ń sá lọ.

现在方便接电话吗: "Can you talk now?" tàbí "Is now a good time?" "Is it convenient to talk?" náà dára, ó kàn le díẹ̀.
你星期二方便吗: "Are you free on Tuesday?" "Free" àti "available" ń gba èèyàn ní olùwà láìsí ìjà, àwọn ló yẹ kí ẹ fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò yé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "you are".
我不方便说: "I'd rather not say." Níbí, kò sí ọ̀rọ̀ àkókò tàbí wàhálà kankan, ẹni náà ò fẹ́ tú àṣírí ni.
我最近手头不方便: "Money's a bit tight at the moment." Ọwọ́ ò sí.
他行动不便: "He has trouble getting around." Ara tàbí ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kó lè rìn dáadáa.
这里交通很方便: "It's easy to get around from here" tàbí "The transport links are good". Wọ́n máa ń kọ "The traffic is very convenient". 交通 ni gbogbo ètò ìrìnnà, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè pẹ̀lú. "Traffic" ni ọkọ̀ tó kún títì. Onígẹ̀ẹ́sì á máa ṣe kàyéfì báwo ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ṣe ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn.
请行个方便: "Could you do me a favour?"
我去方便一下: "I'm just going to the toilet."
方便面: "instant noodles", ohun tí gbogbo wa ń pè ní Indomie láìka orúkọ tó wà lára ọ̀rá rẹ̀ sí. "Convenient noodles" kò sí.

Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn jẹ́ orísun àwàdà láàárín àwọn tíṣà èdè Ṣáínà: àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pé 方便 ni "lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀" á gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé "nígbà tó bá fāngbiàn fún ọ, wá kí mi nílé".

Dèjì Peckham
Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, Gẹ̀ẹ́sì náà gba ọ̀nà kan náà lọ! "Public conveniences" ni wọ́n ń kọ sára ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba níbí, pàápàá àwọn tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpèjúwe, orí àmì ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ti sábà máa ń rí i. Ẹnì kankan kì í sọ pé "I'm going to the convenience" nínú ilé.

Ọmọ Látìn
Ibo wá ni 方便 fúnra rẹ̀ ti wá, ẹ̀gbọ́n?

Àlàbí Yiwu
Àwọn tó tú ìwé ẹ̀sìn Búdà láti èdè Sanskrit sí èdè Ṣáínà ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ pàtàkì. Wọ́n fi í túmọ̀ *upāya*, ọgbọ́n tí olùkọ́ fi ń bá oníkálukú sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tó máa yé e. Nínú Lotus Sutra, ọ̀kan lára àwọn ìwé náà, tí Kumārajīva tú ní ọdún 406, orí kejì ló ń jẹ́ 方便品, ìyẹn orí fāngbiàn. 方 ni ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan, 便 ni ohun tó rọrùn. Láti ọ̀nà tó yẹ olùgbọ́ ni wọ́n ti mú un bọ́ sínú ìrọ̀rùn gbogbo ayé. Ẹ rí i pé láti ìdí ni ọ̀rọ̀ Ṣáínà ti mọ́ èèyàn àti ìṣe rẹ̀ lára, nígbà tí ti Látìn ń wí nípa nǹkan méjì tó pàdé. Ìyá Kíláàsì á ní kí n má sọ ọ́ di òfin. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ kí ìyàtọ̀ náà dúró lọ́kàn ẹnì kan, ibẹ̀ ni mo máa gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ṣáínà díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún 便 yẹn o. Biàn ni nínú 方便, ohùn rẹ̀ ń já láti òkè wá sílẹ̀. Nínú 便宜, ọ̀pọ́, ó di pián, ohùn rẹ̀ ń gòkè.

Bọ́lá Afọ̀
Ẹ ti gbàgbé ẹnu. Kò sí ìró v nínú èdè Ṣáínà ti ìjọba, w ni wọ́n fi ń dí i, ẹ ó máa gbọ́ "conwenient". Kódà lórí kọ̀ǹpútà wọn, lẹ́tà v ni wọ́n fi ń tẹ fáwẹ̀lì ü. Kò sí v nínú Yorùbá náà, f la fi ń dí i, "kọnfíníẹ́ǹtì". Nítorí náà kí tíṣà gbọ́ ara rẹ̀ kó tó gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Àtúnṣe méjèèjì yàtọ̀. Yorùbá tó ń pe f ti gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ dáadáa, ohùn ló kù: kó fi ìka kan gògóńgò rẹ̀, kó pe fff títí, kó wá mú ohùn sí i títí gògóńgò á fi máa gbọ̀n. Ará Ṣáínà tó ń pe w ti ní ohùn, ètè rẹ̀ méjèèjì ló ń ká bí ẹni fẹ́ súfèé. Kó wo dígí, kó fi eyín òkè tẹ ètè ìsàlẹ̀, kó má jẹ́ kí ètè òkè sọ̀ kalẹ̀ bá a. Tí ètè bá ṣì ń ká, kó fi ìka di ètè òkè mú sókè títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Sílébù kejì ló ń gba agbára: con-VEE-ni-ent, mẹ́rin lẹ́nu ọ̀pọ̀ ará Britain, àwọn ará Amẹ́ríkà sábà ń sọ ọ́ di mẹ́ta, con-VEEN-yent. "Con" ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ò ní agbára, kó má dún bí "kọn" gbọọrọ. Ìparí rẹ̀ ni wàhálà kejì. N tàbí ng ni kọ́ńsónáǹtì tó sábà ń parí sílébù ní èdè Ṣáínà, torí náà nt á di n lásán, tàbí kí wọ́n fi fáwẹ̀lì kékeré kan tì í lẹ́yìn. Ẹ fún wọn ní "convenient and cheap", kí wọ́n gbé t fún "and": convenien-tand. T á jáde láìjà. Àwọn tó wá láti Sìchuān, Húběi tàbí Húnán lè máa pààrọ̀ n àti l, ẹ lè gbọ́ "conveelient". Ẹ ní kí wọ́n fi ìka dí imú wò. Bí ohùn ò bá yí padà nígbà tí imú dí, l ni wọ́n ń pè.

Tíṣà Alẹ́
Ẹ kú làálàá o. Ti lẹ́tà iṣẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń kọ "Please reply me at your convenient time" àti "Sorry to bring you inconvenience".

Ìyá Kíláàsì
"Reply to me", àkọ́kọ́ nìyẹn, àwa náà ń jẹ̀bi rẹ̀ ní Nàìjíríà. "At your convenient time" kò bójú mu. "At a time that's convenient for you" tàbí "at your convenience" ni. "At your convenience" túmọ̀ sí ìgbàkígbà tó bá wù yín. "At your earliest convenience" yàtọ̀: ó ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ pé kí ẹ má pẹ́. Àwọn tó ń bèèrè owó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, kí akẹ́kọ̀ọ́ má lò ó fún ọ̀gá tí kò fẹ́ sáré lé.

Ti "bring" yẹn, 给您带来不便 ni wọ́n ń wò, 带来 sì ni "mú wá". Gẹ̀ẹ́sì ń lo "cause": "We apologise for any inconvenience caused." "Any" tàbí "the", láìsí s níparí, torí a kì í sábà ka "inconvenience" bí ẹni ń ka ẹyin.

Ọmọ Látìn
Kí n fi èyí kún ti àwọn tó fẹ́ràn gbòǹgbò, kí wọ́n má ṣi igi gùn. *Venire* kan náà ló wà nínú convene, convention, prevent, event, invent, intervene, revenue, àti avenue. Covenant náà, láti ọ̀dọ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ventilate wá láti inú *ventus*, afẹ́fẹ́; vend láti inú *vendere*, títà; bẹ́ẹ̀ ni venom àti revenge ò bá wọn tan. Ìwé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tà fún ìdánwò máa ń kó wọn pọ̀ nígbà míì nítorí pé lẹ́tà wọn jọra.

Dèjì Peckham
Tíṣà Alẹ́, bí ẹ bá ti parí eléyìí, 舒服 ("comfortable") ló kàn. "My stomach is not comfortable" ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀nà kan náà ló gbà wá: 不舒服 ni ara tí kò yá. "I don't feel well" tàbí "My stomach hurts" ni kí ẹ fún wọn.